Ṣé irọ́ ló ń pa ni, àbí ẹ̀rù ló ń bà á? Àwọn olùdíje ríálítì tí ara wọn ń gbọ̀n níwájú kámẹ́rà

ÌBÉÈRÈ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa parí ìjà. Èmi àti ọkọ mi ń wo ètò ríálítì kan lórí tẹlifíṣọ̀n, irú èyí tí wọ́n máa ń kó àwọn èèyàn sínú ilé kan tí kámẹ́rà á máa wò wọ́n tọ̀sán-tòru. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí kì í yé jẹ èékánná. Bó bá ti di pé wọ́n fẹ́ pe orúkọ ẹni tó máa jáde, á máa lọ́ irun orí rẹ̀ mọ́ ìka, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa mì, á tún máa rẹ́rìn-ín níbi tí kò sí ẹ̀rín. Ọkọ mi ní òpùrọ́ ni, pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í gbọ̀n. Èmi ní ẹ̀rù ló ń bà á. Àbúrò mi ní eré lásán ni, pé ó ń wá àánú kí wọ́n lè dìbò fún un. Ta ló jàre? Bó bá sì jẹ́ ẹ̀rù, ẹni tó mọ̀ pé òun máa ń jáyà, kí ló ń wá lọ síbẹ̀?

* * *

ÈSÌ KÌÍNÍ

Ẹ̀yin lẹ jàre jù nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ àbúrò yín kì í ṣe ohun tá a máa dà nù pátápátá, màá padà sí i. Ti ọkọ yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí àwọn tó ń rò bíi tiwọn ló pọ̀ jù, èrò yẹn ló sì ń ṣe èèyàn ní jàǹbá jù.

Bí ẹ̀rù bá ba èèyàn, àwọn ẹṣẹ́ kékeré méjì kan tó jókòó sórí kíndìnrín á tú adrenaline, èròjà tó ń mú kí ara gbára dì, sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì, ẹ̀jẹ̀ á sáré lọ sínú iṣan apá àti iṣan itan, kí olúwarẹ̀ lè jà tàbí kó lè sá. Nínú ilé tí kámẹ́rà wà yẹn ńkọ́? Kò sẹ́ni tó máa bá jà, kò síbi tó máa sá gbà. Agbára tí ara ti kó jọ á wá gba ibi tó bá rí jáde: ẹsẹ̀ tó ń mì, ìka tó ń wá nǹkan ṣe, eyín tó ń wá èékánná. Itọ́ á gbẹ lẹ́nu, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí i tí wọ́n ń lá ètè. Àtẹ́lẹwọ́ á làágùn. Ohùn á máa gbọ̀n torí pé iṣan ọ̀fun náà ti le. Ẹ̀rín tó ń rín níbi tí kò sí ẹ̀rín yẹn, ara rẹ̀ náà ni. Mo ti rẹ́rìn-ín níbi ìsìnkú ẹni tí mo fẹ́ràn rí, ojú sì tì mí débi pé mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àmọ́ mi ò lè dá a dúró nígbà tó ń bọ̀.

Ní ti irọ́, àwọn kan ti wò ó dáadáa. Ní 2006, Charles Bond àti Bella DePaulo kó àwọn ìwádìí jọ, nínú èyí tí àwọn tó lé ní 24,000 ti gbìyànjú láti wo ojú èèyàn kí wọ́n sì sọ bóyá irọ́ ló ń pa àbí òótọ́ ló ń sọ. Nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà, nǹkan bíi 54 ni wọ́n gbà á. Ẹni tó dijú ta owó ẹyọ sókè á gba 50. Ṣáájú ìyẹn, ní 2003, DePaulo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti yẹ àmì 158 wò. Àwọn àmì tí gbogbo èèyàn ń pariwo, pé òpùrọ́ kì í wojú ẹni, pé ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró sójú kan, ìwọ̀nyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ya òpùrọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára olóòótọ́.

Òpùrọ́ ń bẹ̀rù pé àṣírí máa tú. Olóòótọ́ ń bẹ̀rù pé wọn ò ní gba òun gbọ́. Ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì ló ń mì.

* * *

ÈSÌ KEJÌ

Ẹnì kan ti fi òwe dá mi lóhùn: ojú lọ̀rọ̀ wà. Àwọn mẹ́ta mìíràn sì ti gbè é lẹ́sẹ̀.

Mo gba òwe náà tọwọ́tẹsẹ̀. Àmọ́ èèyàn méjì tó jókòó kojú ara wọn ló ń bá wí. Mo bi ọ́ ní nǹkan, mo ń wò ọ́, o dá mi lóhùn, ojú rẹ ò kúrò níwájú mi látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹlòmíì ti dúró sáàárín. Láti ìgbà tí Big Brother ti bẹ̀rẹ̀ ní Netherlands ní 1999 ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ti ń ká ohun gbogbo sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́rìnlélógún. Èyí tí wọ́n ń gé jọ fún ètò alẹ́ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi wákàtí kan. Gbogbo èyí tó kù, ẹnì kan tẹ́ ò mọ̀, tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ló pinnu pé ẹ ò ní rí i.

Ará Rọ́ṣíà kan tó ń ṣe fíìmù, Lev Kuleshov, ti ṣe nǹkan kan ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wo ríálítì mọ̀. Ó mú àwòrán ojú òṣèré kan, ojú tí kò sọ nǹkan kan. Ó tò ó ti àwo ọbẹ̀, ó tún tò ó ti pósí. Wọ́n ní àwọn òǹwòran yin òṣèré náà gan-an: ẹ wo bí ebi ṣe hàn lójú rẹ̀, ẹ wo bí ìbànújẹ́ ṣe hàn lójú rẹ̀. Ojú kan náà ni.

Ẹ wá fi wé ọmọbìnrin yìí. Ó lè jẹ́ pé láàárọ̀ ló jẹ èékánná yẹn, nígbà tó ń ronú nípa àwọn ará ilé rẹ̀ tí kò gbúròó wọn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó ń gé fídíò á mú un, á fi sẹ́yìn ìbéèrè tí wọ́n bi í lálẹ́, á fi ìlù tó ń dẹ́rù bani sí i lábẹ́. Ẹ̀yin á wá sọ pé ẹ rí i, àyà rẹ̀ ń já, ó mọ ohun tó ṣe.

Bí ojú bá lọ̀rọ̀ wà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè ẹni tó gbé ojú náà síbẹ̀.

* * *

ÈSÌ KẸTA

Ọ̀rọ̀ àbúrò yín wàyí, pé eré ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ̀wé lóru àná ló gbè é lẹ́yìn, ẹnì kan tiẹ̀ ní òun mọ ẹni tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń sunkún kó tó wọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé àwọn bẹ́ẹ̀ wà. Owó wà níbẹ̀, òkìkí wà níbẹ̀, ìbò àánú sì ti gbé èèyàn débi tí ẹ̀bùn rẹ̀ kò lè gbé e dé.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n mú mi mọ́ àwọn mẹ́ta tó lọ díje níbi ètò ìbéèrè àti ìdáhùn kan lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìmọ́lẹ̀ iná yẹn gbóná ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n so màíìkì mọ́ mi láyà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé gbogbo ayé á máa gbọ́ bí àyà mi ṣe ń lù. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì débi pé mo fi ọwọ́ kan tẹ orúnkún mọ́lẹ̀. Wọ́n bi mí ní ohun tí mo mọ̀ dunjú, ohun tí mo lè dáhùn lójú oorun, ó fò lọ. Mo dákẹ́. Olóòtú náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?" Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa mí kú pátápátá. Títí ìdíje náà fi parí, mi ò dáhùn ìbéèrè kankan mọ́.

Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, mi ò fẹ́ wò ó. Àwọn ará ilé fipá mú mi jókòó. Ẹ mọ ohun tí mo rí? Mo rí ọmọ kan tó jókòó jẹ́ẹ́. Bírò tó ń yí kiri láàárín ìka rẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ìyá mi ní, "O tiẹ̀ farabalẹ̀." Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ti wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi yẹn. Kenneth Savitsky àti Thomas Gilovich ní Amẹ́ríkà rí i pé àwọn tó ń sọ̀rọ̀ níwájú èrò máa ń rò pé ẹ̀rù wọn hàn síta ju bó ṣe hàn sí àwọn tó ń wò wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé èyí fún àwọn kan kí wọ́n tó bọ́ síwájú, ọ̀rọ̀ wọn já gaara ju ti àwọn tí wọn ò sọ fún. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2003.

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni pé ohun tẹ́ ẹ̀ ń rí lára ọmọbìnrin yẹn, èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tó ti pa ọ̀pọ̀ mọ́ra ni. Ẹni tó ń gbìyànjú láti fi pamọ́ kò jọ ẹni tó ń fi ṣe ìpolówó.

Bẹ́ ẹ bá sì ń fẹ́ ohun tí ẹ lè fojú rí: ẹ wo etí èékánná rẹ̀ nígbà tí kámẹ́rà bá sún mọ́ ọ. Omijé ṣeé fi ṣeré. Awọ ara tó ti le, ọgbẹ́ tó ti jinná tó tún ṣí, èékánná tó ti wọlé sínú ẹran, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń di bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wò ó nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé pé kámẹ́rà wà, nígbà tó bá ń dá jókòó tí kò sí ìbò nílẹ̀. Bí ọwọ́ bá ṣì ń lọ sẹ́nu nígbà yẹn, ta ló ń ṣeré fún?

* * *

ÈSÌ KẸRIN

Kúkúrú lèyí, torí èèyàn méjì ti béèrè rẹ̀: olùdíje tó máa ń ṣẹ́ ìka kí oríkèé ró pàkà, ṣé kò ní ba egungun rẹ̀ jẹ́?

Kò sí ẹ̀rí tó fi hàn pé ó ń fa àrùn oríkèé. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Donald Unger, ṣẹ́ ìka ọwọ́ kan ṣoṣo fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún, ó fi ọwọ́ kejì sílẹ̀ kó lè fi wọ́n wéra. Kò rí àrùn oríkèé ní ọwọ́ méjèèjì. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni o, àmọ́ ẹ fi ọmọ náà lọ́rùn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ọ̀rọ̀.

* * *

ÈSÌ KARÙN-ÚN

"Ẹni tó mọ̀ pé òun máa ń jáyà, kí ló ń wá lọ síbẹ̀?"

Mo ti ka oríṣiríṣi ìdáhùn. Àwọn kan ní ojúkòkòrò ni. Àwọn kan ní kí wọ́n máa yẹ àwọn èèyàn wò kí wọ́n tó mú wọn, kí wọ́n lé gbogbo ẹni tó bá ń gbọ̀n padà sílé, kí wọ́n mú àwọn tí àyà wọn le nìkan. Ẹ̀gbọ́n kan tó ní òun ti ṣiṣẹ́ nídìí kámẹ́rà rí sọ pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, pé àwọn tí àyà wọn le jù níbi àyẹ̀wò ló máa ń kọ́kọ́ já lulẹ̀ nínú ilé. Mi ò ní ohun tí mo lè fi gbe èyí lẹ́sẹ̀, àmọ́ kò yà mí lẹ́nu.

Ẹ wo ìdí rẹ̀. Ní 1993, àwọn olùṣèwádìí ní Yunifásítì Trier ní Jámánì gbé ìdánwò kan jáde. Wọ́n á ní kí èèyàn dìde sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún níwájú àwọn tó ń dá a lẹ́jọ́, àwọn tí kì í rẹ́rìn-ín, tí kì í mi orí. Lẹ́yìn náà, á máa yọ 13 kúrò nínú 1,022, á tún yọ ọ́, á tún yọ ọ́. Bó bá ṣì í, ó di kó bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Kámẹ́rà á sì máa ká a. Àwọn tí ara wọn le ni wọ́n lò, síbẹ̀ cortisol, èròjà tí ara ń tú jáde bí ìdààmú bá dé, ròkè nínú itọ́ wọn ní ìlọ́po méjì sí ìlọ́po mẹ́rin. Adájọ́, kámẹ́rà, ohun tó le ju agbára ẹni, àti àìmọ ohun tí wọ́n ń rò nípa ẹni. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé ìdíje ríálítì kọ́ nìyẹn? Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ti Trier parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tí ilé yẹn sì ń lọ fún oṣù.

Nítorí náà, kò sí ẹni "tí kì í jáyà" tí wọ́n lè mú. Ẹni tí kò tíì jáyà ló wà.

Àwọn tó ń gbọ̀n sì ní ohun tí wọ́n ní. Ní 2009, Susan Boyle, ọmọ Scotland, ẹni ọdún 47, jáde níbi Britain's Got Talent. Ọ̀rọ̀ ń fò ó lẹ́nu, ó ń mi ìdí, àwọn òǹwòran ń yínmú. Ó lanu kọrin, gbogbo wọn dìde dúró. Ibi tí ìtàn máa ń parí sí lẹ́nu àwọn èèyàn nìyẹn, àmọ́ kò parí síbẹ̀. Ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ni ó gba ipò kejì níbi àṣekágbá, lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ní 2013, ó sọ fáyé pé àyẹ̀wò ti fi hàn pé òun ní Asperger, irú autism kan, ó sì ní ìtura ló jẹ́ fún òun láti mọ̀. Obìnrin yẹn ní ẹ̀tọ́ láti kọrin. Ó sì tún ní ẹ̀tọ́ sí ẹni tó máa ti rí i látìgbà tí ó ti kọ́kọ́ ń mì pé ó nílò ìrànlọ́wọ́.

Mo kọ èyí pẹ̀lú ìbànújẹ́: ní 1997, ní Sweden, níbi Expedition Robinson, ètò tí ayé wá mọ̀ sí Survivor lẹ́yìn náà, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ dìbò lé jáde gbẹ̀mí ara rẹ̀ kí ètò náà tó jáde rárá. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé ohun kan ṣoṣo ló ń fa irú ikú bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, látìgbà yẹn ni àwọn tó ń ṣe ètò wọ̀nyí ti ní ìdí láti mọ̀ pé eré nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Ní Britain, oṣù Kẹrin 2021 ni àwọn òfin tuntun Ofcom, àjọ tó ń mójú tó tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pé kí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tọ́jú àwọn tó bá lè rí ìpalára ńlá nítorí pé wọ́n kópa nínú ètò. Ẹ ka 1997 dé 2021.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí: kí wọ́n má lé ẹni tó ń jẹ èékánná. Kí wọ́n jẹ́ kó sùn dáadáa, kí dókítà wà, kí ilẹ̀kùn ṣí fún un láìsí ìtìjú. Bí ó bá sì ti di pé irun ń tú débi tí orí ń pá, tàbí pé awọ ara ń bó tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ìyẹn ti kọjá ìwà lásán, àìsàn tó ní ìtọ́jú ni, kámẹ́rà sì gbọ́dọ̀ kúrò lójú rẹ̀.

* * *

ÈSÌ KẸFÀ

Ẹni tó béèrè ìbéèrè ti padà wá. Ó ní ọkọ òun ka gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ní: "Ṣé a ò wá gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ ni? Òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ibẹ̀."

Ẹ kú ìkàwé, sà. Ẹ máa sọ̀rọ̀. Bí inú yín ò dùn sí bó ṣe hùwà sí ẹnì kejì rẹ̀, ẹ sọ ọ́, ẹ dìbò tì í jáde bẹ́ ẹ bá fẹ́. Ibi tí mo ti ń bẹ̀ yín ni kéèyàn mú ọwọ́ tó ń gbọ̀n, kó gé e sí fídíò kékeré, kó kọ "òpùrọ́" sí i, kó sì fi ránṣẹ́ síbi tí òun fúnra rẹ̀ á ti rí i lọ́jọ́ tó bá jáde. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé náà lóòótọ́. Èyí yẹn kò sí lára ohun tó fọwọ́ sí.

Ní oṣù Karùn-ún 2020, Hana Kimura, ọmọ ọdún 22, eléré ìjàkadì ará Jàpáánì tó wà nínú ètò ríálítì Terrace House, gbẹ̀mí ara rẹ̀ lẹ́yìn tí èébú ti ya lù ú lórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí ìgbà kan ṣoṣo tó bínú nínú ètò náà. Ìyá rẹ̀ jà fún un. Ní 2022, Jàpáánì yí òfin padà: èébú tí àhámọ́ rẹ̀ kò tó ọgbọ̀n ọjọ́ tẹ́lẹ̀ di ohun tó lè gbé èèyàn lọ sẹ́wọ̀n fún ọdún kan. Mi ò fi yín wé àwọn tó bú u, sà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn náà rò pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo làwọn sọ.

* * *

ÈSÌ KEJE

Àbúrò tó kọ̀wé lálẹ́ àná pé wọ́n ti pe òun fún àyẹ̀wò ètò kan, pé òun ti ń jẹ èékánná látìgbà tóun wà lọ́mọ ọdún méje, tó sì ń béèrè bóyá kóun má lọ mọ́: lọ.

Má gbìyànjú láti fi agídí dá ọwọ́ dúró, kì í ṣiṣẹ́. Ọ̀nà kan wà tí Nathan Azrin àti Gregory Nunn gbé jáde ní 1973, tí àwọn oníṣègùn ọkàn ṣì ń lò dòní. Kọ́kọ́ máa ṣọ́ ìgbà tí ọwọ́ máa ń lọ sẹ́nu, kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Èmi ṣe é, mo rí i pé ìgbà tí mo bá ń dúró de nǹkan ni tèmi. Bó o bá ti rí i pé ọwọ́ fẹ́ gbéra, di ìkúùkù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tàbí kó o mú nǹkan dání, kó o dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbà mí ní oṣù mẹ́rin. Ó ṣì máa ń padà wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń tún un bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, má sọ fún ara rẹ pé "farabalẹ̀". Alison Wood Brooks ní Harvard dán an wò, ó jáde ní 2014: àwọn tó sọ pé ara àwọn ti wà lọ́nà, pé inú àwọn ń dùn sí i, kọrin dáadáa ju àwọn tó sọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn lọ. Àyà á ṣì máa lù, ìwọ sáà fún un ní orúkọ mìíràn.

Kọ òótọ́ sínú fọ́ọ̀mù ìlera wọn. Bí wọ́n bá tìtorí èékánná lé ọ padà, ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kó o sùn fún oṣù mẹ́ta.

Kó o tó fọwọ́ síwèé, béèrè lọ́wọ́ wọn: bí àyà mi bá ń já ní aago mẹ́ta òru, ta ni màá pè, ṣé ẹni náà á sì wá bá mi níbi tí kámẹ́rà kò sí? Jẹ́ kí wọ́n dá orúkọ rẹ̀ fún ọ, kó o rí i lójúkojú. Bí wọn ò bá rí ẹnì kan pàtó dárúkọ, gbé bírò sílẹ̀.